Pósítà Tó Pa Mí

Wọ́n ti kéde pé mo kú rí. Kì í ṣe àhesọ o, kì í sì í ṣe pé mo ṣàìsàn tí wọ́n wá sọ̀rètí nù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n fi fọ́tò mi sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri àdúgbò. Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló gbé gọ́ọ̀mù dání tó ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọmọ tó jẹ́, torí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó rò pé ó kórìíra mi ni.

Wéréwéré là ń pè é nílé. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ti kú kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí nǹkan tí kì í fẹ́ ṣe kíákíá. Á jẹun lórí ìdúró, á fọ eyín lórí ìrìn, á dáhùn ìbéèrè kí ẹ tó bi í tán. Bó bá jókòó sí pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí ife á fi máa dún. Obìnrin tó ń gbé lókè wa a máa mọ̀ọ́mọ̀ yí ohùn orúkọ náà padà, á pè é bí ẹni pé ọmọ mi ya wèrè. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀, mo sì tún máa bá a jà.

Kí n má parọ́, ọmọ yìí lọ́pọlọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kì í parí nǹkan. Mo mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́ irun dídì, ó di ti oníbàárà kan dé ìdajì, ó lóun ń lọ mu omi, kò padà síbẹ̀ mọ́. Obìnrin yẹn gbé ìdajì orí wá bá mi nílé, ó ní kí n wá parí ohun tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Mo mú un lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ kan ló gbé wálé, ó ní apá kejì ń bọ̀. Apá wo? A ṣì ń retí ẹ̀. Ó tún lóun fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì. Ó kó búrẹ́dì sínú ààrò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é níta, wọ́n jọ lọ. Èéfín tó jáde lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn gbé omi wá láti òpópónà kejì.

Iṣẹ́ tèmi, aṣọ ni mo ń lọ̀ nílé ìfọṣọ kan. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù níbẹ̀, funfun lé funfun, láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn mi á fi le bíi pákó. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í fi aṣọ sílẹ̀ ní ìdajì. Tí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù dúró, aṣọ á jó. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ṣe máa ń gbóná sí mi lára. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kó di olówó. Mi ò ní kó di ẹni ńlá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó parí nǹkan kan, kí n fojú mi rí i, ohunkóhun tí ì báà jẹ́.

Nígbà tó wá lóun fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní fíìmù yíyà àti àwòrán títẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ fajú ro. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó ń ta táìsì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ilé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Àbúrò, màá ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí ló kẹ́yìn. Bó bá tún fi èyí sílẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kó wá jókòó ti táìsì."

Mo gbà. Kí ni ǹ bá sọ? Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá rántí ọmọ yìí lẹ́yìn káńtà, láàárín òkúta tútù tí kì í mira, ara mi kì í gbà á. Á kú síbẹ̀ ni. Tàbí kó fọ́ gbogbo ẹ̀.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ó rọ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó wá di ìgbà àṣeparí, wọ́n ní kí oníkálùkù ṣe fídíò orin kan, orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ rí, kó ṣe páálí tí wọ́n máa fi àwo orin náà sí, kó sì ṣe pósítà tí wọ́n máa lẹ̀ níta láti fi pe èèyàn wá wò ó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tó bá rí pósítà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inú fídíò yẹn ló ti jáde.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Oyin ló kọ orin náà. Ọmọkùnrin tín-ín-rín kan ni, bó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ ò ní gbọ́, àfi bó bá ń kọrin. Orúkọ orin náà ni "Ìyà Mi Ti Lọ". Ó ní, ìyà mi ti lọ, kò dágbére, mo ṣílẹ̀kùn yàrá, mi ò bá a nílé mọ́. Orin náà dùn. Mo ń fi í sẹ́nu níbi iṣẹ́ kí n tó mọ ohun tí ojú mi máa rí.

Lọ́jọ́ kan Wéréwéré wọlé, kò tíì tú bàtà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

"Ṣe kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa wà nínú fídíò. Ojú yín ló yẹ orin náà."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ṣé ojú mi ló jọ ìyà?"

"Rárá o! Ó jọ ti ẹni tí ìyà ti kúrò lára ẹ̀."

"Ìgbà wo ló kúrò? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì ti jáde kí n tó dáhùn. Báyìí ni mo ṣe di òṣèré.

Ẹ gbọ́, ẹni tí kò bá tíì ṣe fídíò rí, kó má tíì ṣe é. Wọ́n ní kí n lọ ṣíìtì kan. Mo lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un lọ̀, òòrùn ti yí. Mo tún un lọ̀. Wọ́n ní kí n rìn kọjá níwájú ilé ìfọṣọ pẹ̀lú ẹrù aṣọ ní apá, kí n má wo kámẹ́rà. Mo rìn. Mọ́tò kan fọn fèrè, wọ́n ní kí n tún un rìn. Mo rìn ín títí ọlọ́pàá kan fi bi mí bóyá mo ń wá nǹkan. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní tí mo bá di gbajúmọ̀, kí n má gbàgbé òun.

Wéréwéré fúnra ẹ̀ ló gbé kámẹ́rà, kò sì lè dúró lójú kan. Nígbà tó gbé ohun tó yà lọ fún tíṣà rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ tó sùn, tíṣà náà wò ó tán, ó ní, "Fídíò yìí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ta ló ń lé ẹ?"

Ó wálé, ó bínú, ó ń rìn sókè sódò ní pálọ̀. Mo mọ ìrìn yẹn. Ìrìn tó máa ń rìn nìyẹn kó tó sọ pé òun ò ṣe mọ́. Mo ní, "Gbé kámẹ́rà ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, kí o di ọwọ́ ẹ sẹ́yìn, kí o máa wò ó." Mo kàn sọ ọ́ kí n lè ráyè gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un ni. Ó gbìyànjú ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì, àwòrán ò sì gbọ̀n mọ́. Ibẹ̀ ló ti ya fọ́tò mi: mo dúró níwájú ṣíìtì funfun tí wọ́n sá, mo gbójú sókè díẹ̀, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n mi ò tíì rẹ́rìn-ín. Mo rẹwà nínú fọ́tò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ ọ́. Fọ́tò yẹn ló fi sí páálí àwo, òun náà ló sì fi ṣe pósítà.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Dúdú àti funfun ló fẹ́, ó ní ó máa jẹ́ kí ojú mi níyì. Ó fi ìlà dúdú fẹ̀ǹfẹ̀ yí fọ́tò náà ká, torí ìlà dúdú wà lára páálí àwo. Atẹ̀wé ní ẹ̀rọ òun ò ní lẹ́tà tó ní àmì lórí àti lábẹ́, pé kó jẹ́ kí òun wá a títí ọ̀la. Ẹ mọ ọ̀la lójú ọmọ yẹn? Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀ ọ́n kà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n tẹ̀. Fọ́tò mi, dúdú àti funfun, ìlà dúdú yí mi ká. Lókè orí mi, lẹ́tà gàdàgbà: IYA MI TI LO. Lábẹ́ àgbọ̀n mi: OJO ETI, AAGO MERIN IROLE, NI GBONGAN ILE EKO. GBOGBO YIN LA PE. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà: orin lati enu Ohun-Oyin. Ẹ tiẹ̀ bá mi dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá rí i lára ògiri, kí lẹ máa rò? Àmì kan ṣoṣo ni. Bó bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ìyà ló lọ. Bó bá nà sókè, ìyá ni. Bí kò bá wá sí níbẹ̀ rárá, tí ojú obìnrin kan sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nínú ìlà dúdú, ó ti tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló lẹ̀ wọ́n, láàárọ̀ kùtù, kí n tó jí. Ó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ láti gé fídíò pọ̀, ó sì pa fóònù ẹ̀, torí tíṣà kì í fẹ́ kó dún nínú yàrá yẹn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà lọ síbi iṣẹ́, mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀sán ni mo ń bọ̀. Atúnbàtà tó wà níkọ̀rọ̀ wa gbójú sókè, ó rí mi, bàtà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kí i. Ó dìde, ó gba inú ilé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí ló ṣe eléyìí? Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, bàtà kún ibẹ̀. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo rò pé nǹkan ti ṣe Wéréwéré, pé mọ́tò ti gbá a níbi tó ti ń sáré kiri. Mo di ilẹ̀kùn mú.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin tó ń gbé lókè wa. Orí àga mi ló jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń sunkún gan-an. Ó ní, "Kò sí irú ẹ̀ nínú gbogbo ilé yìí. Obìnrin tó mọ́ tónítóní! Kì í bá èèyàn jà." Èmi tí mo ti bá a jà tó ìgbà mélòó! "Kò sígbà tí mo ní kó bá mi ṣe nǹkan tó ní rárá. Ọmọ rẹ̀ náà dáa, ọmọ tó yá mọ́ èèyàn. Ta ló máa wá tọ́jú ẹ̀ báyìí? Kò ní bàbá, kò ní ìyá."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àbí? Mi ò sọ ọ́. Kí n sòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo fara ti ilẹ̀kùn, mo jẹ́ kó máa bá a lọ. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìkòkò mi, pé wọ́n dára, ó ṣeé ṣe kí ọmọ má nílò gbogbo ẹ̀, ìgbà yẹn ni mo wúkọ́.

Ẹ gbà mí! Ẹnìkan gba ojú fèrèsé jáde. Ẹnìkan wọ abẹ́ tábìlì. Obìnrin òkè yìí wò mí, ó ya ẹnu, ó wá rọra dìde kúrò lórí àga mi, ó fọwọ́ nù ún. Ó ní, "Ẹ... ẹ káàbọ̀." Mo ní, "Ẹ kú ilé o. Ta ló kú?" Ó na pósítà sí mi.

Nígbà tí Wéréwéré dé lálẹ́, mo ti dúró dè é. "Ìwọ lo pa mí!" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gba pósítà lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó tún un kà, lọ́nà tí gbogbo àdúgbò gbà kà á. Mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe ń fà ro. Mo bínú o, ṣùgbọ́n ojú yẹn gbá mi láyà.

Èyí tó burú jù ni ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnìkan ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Èmi náà ti ń pè é láti alẹ́, kò wọlé, ó ti wọ mọ́tò, fóònù ẹ̀ sì ti kú. Mo ń gbálẹ̀ níwájú ilé nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó dé fìlà dúdú, ojú ẹ̀ wú. Ó rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé fìlà bojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Mo jókòó tì í. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta, ó fi gbogbo òru sunkún mi nínú mọ́tò.

Wéréwéré ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wò ó. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Di ẹrù ẹ."

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò ṣe mọ́." Ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ń fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, bóyá òun ni, bóyá ẹ̀gbọ́n mi, bóyá atẹ̀wé. Mo wọlé, mo gba báàgì, mo dà á sílẹ̀. Mo ní, "O pa mí, o wá fẹ́ sá lọ? Wàá ṣe é! Ó ku ọ̀túnla. Kódà bí mo bá tún máa kú lẹ́ẹ̀mejì, wàá ṣe é!" Mo fà á lọ́wọ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ tíṣà.

Tíṣà wo pósítà. Ó wò mí. Ó tún wo pósítà. Ó bu ètè jẹ, ó yíjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe ẹkún. Nígbà tó padà kọjú sí wa, ojú ẹ̀ ti le.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n lọ ya gbogbo wọn," ni Wéréwéré wí.

"Bí o bá ya wọ́n, orí kí ni mo fẹ́ fún ẹ ní máàkì? Pósítà wà lára iṣẹ́ náà. Mi ò fẹ́ tuntun. Lọ fi àmì sí i, lórí gbogbo èyí tó wà níta. Ọjọ́ Ẹtì láàárọ̀ ni mo máa jáde lọ wò ó. Bí mo bá rí ẹyọ kan tí kò ní àmì, mi ò ní wo fídíò ẹ." Ó wá kọjú sí mi, ohùn ẹ̀ tún rẹlẹ̀. "Ẹ kú ewu, mà."

Ọjọ́ Bọ̀, mo gbàyè níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní kò sí ìṣòro, pé òun ò ro pé òkú máa wá síṣẹ́ tẹ́lẹ̀. A jáde, èmi, Wéréwéré pẹ̀lú máákà pupa, àti ẹ̀gbọ́n mi tó gbé àpótí ìjókòó dání. Ó lóun ń tẹ̀ lé wa kó lè fojú ara ẹ̀ rí ibi tó máa ti sú ọmọ náà, kí àwọn méjèèjì sì tibẹ̀ gba gáréèjì lọ.

Mo ní, "Mélòó lo lẹ̀?"

"Mi ò kà á, Mọ́mì. Mo kàn ń lẹ̀ ẹ́ ni."

Ẹ rí i? Ká ní ó kà á, ì bá yá. A ní láti tọ gbogbo ibi tó gbà, ògiri sí ògiri, òpó iná sí òpó iná. Ó gorí àpótí, ó fi àmì sórí I, ó fi sórí A, ó fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ O. Àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, òkú ń tún ìkéde ẹ̀ ṣe!" Òmíràn tó ń ta fóònù ní òun ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ pé ìyá mi ti lò. Kí ni màmá yín lò gan-an?" Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi àpótí lù ú. Ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe.

Wéréwéré ń sáré. Ó fẹ́ kó tán kí wọ́n yé wò ó. Ibi tó ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ó fa àmì orí A sókè.

"Kí lo kọ yẹn?" ni mo ní. "O tún ti pa mí!"

Ó wò ó. Ó kà á. Ó fọwọ́ bojú. Mo rò pé ó máa ju máákà sílẹ̀, àní mo ti na ọwọ́ láti gbà á. Ó dúró lórí àpótí yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó wá fa omi funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́ yọ lápò, ó fi pa àmì náà rẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, ó tún òmíràn fà, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ sẹ́nu pé, "Dò. Dò." Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó fà tí kò fẹnu sọ. Dò, dò, títí dé òpin òpópónà. Ó sú àwọn tó ń wò wá, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ́ láìmọ̀.

Ọ̀sán lọ. Ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn bí ẹni tó gun ẹ̀gún. A dé ìkòríta tó kọjú sí ilé epo, a wò yíká, a ò rí òmíràn mọ́.

Mo ní, "Ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Wéréwéré dúró, ó di ojú, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà tó gbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nínú afẹ́fẹ́. Ó lajú. Ó ní, "Ó ku kan. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ilé epo yìí, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò."

Mo wo ẹ̀yìn ilé epo, ó jìnnà, ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Èmi tí mo pariwo lé e lórí lánàá, èmi ni mo la ẹnu mi pé, "Ta ló máa rí i níbẹ̀? Tíṣà ẹ ò ní dé bẹ̀ láyé. Fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí."

"Mọ́mì, ó ku kan."

Ó gba àpótí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ jókòó síbí, Bàbá, ẹ dúró dè mí." Ó sì lọ. Kò sáré. Ó ń yẹ ẹrẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le, títí ó fi yà sẹ́yìn ilé náà tí a ò rí i mọ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí etí títì. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní, "Màá wá ẹlòmíràn tó máa bá mi jókòó ti táìsì yẹn."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, omi ti bọ́ lójú mi. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, òmíràn bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ni.

Mo ní ẹsẹ̀ ni.